Ìyá Kàósárà àti Iṣẹ́ Kẹrin

Ṣéfíátù aránṣọ ló kọ́kọ́ sọ ọ́ fún un. Kò tiẹ̀ jẹ́ kó sọ igbá pọ̀nmọ́ kalẹ̀ kó tó sọ ọ́. Ó ní, "Ìyá Kàósárà, wọ́n ti gbé orúkọ àwọn tó wọ yunifásítì jáde o. Ọmọ tèmi wà níbẹ̀. A wá ti Kàósárà títí, a ò rí i."

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo mọ̀ pé mi ò tíì kí yín. Àlàáfíà Ọlọ́hun kó máa bá gbogbo yín gbé, ẹ̀yin ìyá tẹ́ ẹ jókòó sórí ẹní, ẹ̀yin bàbá tẹ́ ẹ wà lẹ́yìn aṣọ ìkélé, àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ fara ti ògiri bí ẹni tí wọ́n fi tipá wọ́ wá. Inú ló ń bí mi lónìí. Ìdí nìyẹn tí ìtàn fi ṣáájú kíkí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá yìí nìkan, ìyá mẹ́ta nínú ẹgbẹ́ àsàlátù wa ló wá bá mi pé ká jọ ṣàdúà fún ọmọ àwọn tí kò rí yunifásítì wọ̀. Mo bi ẹni àkọ́kọ́ pé iṣẹ́ ìwé wo lọmọ rẹ̀ fi jókòó ìdánwò. Ó ní òun ò mọ̀. Mo bi ìkejì. Ó ní ẹni tó bá wọn kọ fọ́ọ̀mù ló mọ̀. Ìkẹta ń wojú mi, ó ní, "Ìyá Oníwáàsí, ṣebí àdúà la wá fún, ẹ wá ń bi wá léèrè ọ̀rọ̀ bí ọlọ́pàá."

Ó dáa. Ẹ gbọ́ ohun tí wáàsí tòní dá lé. Ohun téèyàn ò bá mọ̀, dandan ni kó bi ẹni tó mọ̀. Kì í ṣe pé bó bá wù ú. Ọlọ́hun Ọba ló pa á láṣẹ. Bá a ṣe ń ṣàlùwàlá ká tó kírun, bẹ́ẹ̀ ni ká máa béèrè ká tó fọwọ́ sí bébà. Ìkejì ẹ̀ ni pé ẹni tó mọ̀, tó wá pa ẹnu mọ́ nítorí owó, amánà, ohun tí Ọlọ́hun fi pa mọ́ sí i lọ́wọ́, ló jẹ yẹn, olè ni lójú Ọlọ́hun. Ìtàn Ìyá Kàósárà ni màá fi là á yé yín. Ẹni tó bá fẹ́ sùn, ẹní wà nílé ẹ̀.

Ìyá Kàósárà yìí, Sùwébátù lorúkọ tí wọ́n sọ ọ́, pọ̀nmọ́ ló ń tà ní ìlú Ìwó. Opó ni. Ọkọ rẹ̀, Alfa Yísá, tó ń kọ́ àwọn ọmọdé ní kéú, àtọ̀gbẹ ló kọ́kọ́ gba ẹsẹ̀ rẹ̀ kó tó wá gba ẹ̀mí rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni Kàósárà nígbà náà. Nọ́ọ̀sì kan tó ń fi híjáábù funfun borí ló máa ń wẹ ojú egbò fún bàbá náà láràárọ̀. Kàósárà á dúró tì í, á ní, "Àǹtí, kí lẹ̀ ń kọ sínú ìwé yẹn?" Nọ́ọ̀sì á ní, "Mò ń kọ bí bàbá rẹ ṣe sùn." Láti ìgbà náà, tí wọ́n bá ti bi ọmọ yìí pé kí ló fẹ́ dà, kì í ronú kó tó dáhùn. Nọ́ọ̀sì ni.

Ẹ wá wo ìyá rẹ̀ nídìí ọjà. Tí wọ́n bá já awọ màlúù sílẹ̀ nínú ọkọ̀, kò sí alágbàtà tó lè rẹ́ obìnrin yìí jẹ. Á gbé awọ, á yí i wò lẹ́yìn. Á fi èékánná họ ọ́. Á gbóòórùn rẹ̀ bóyá táyà ni wọ́n fi sun ún. Àwọn ọmọbìnrin tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló máa ń tẹ̀ mọ́ wọn létí: "Yí i wò lẹ́yìn. Ojú tí wọ́n ń fi hàn ọ́ yẹn, wọ́n ti fọ̀ ọ́ kó o tó dé."

Obìnrin tó ń yí awọ wò yìí, ṣé ó yí fọ́ọ̀mù ọmọ rẹ̀ wò? Mò ń bi yín. Ẹ ṣe dákẹ́?

Ẹ jẹ́ ká padà sẹ́yìn díẹ̀, sí oṣù tí wọ́n ń ta fọ́ọ̀mù Jáǹbù, ìdánwò tí wọ́n fi ń wọ yunifásítì. Tíṣà kan wà nílé-ìwé wọn, Mísíìsì Ọ̀jẹ́níyì, òun ló ń kọ́ wọn ní Físíìsì. Ó pe Kàósárà, ó kọ iṣẹ́ mẹ́rin sórí ìwé pélébé kan fún un: Gẹ̀ẹ́sì, Báyọ́lọ́jì, Kẹ́mísìrì, Físíìsì. Ó ní, "Mẹ́rin yìí ni wọ́n ń béèrè fún nọ́ọ̀sì. Má yọ ọ̀kan, má sì fi òmíì rọ́pò. Àwọn tó ń du àyè yẹn pọ̀ ju àyè lọ." Ó fàlà sábẹ́ Físíìsì lẹ́ẹ̀mejì, torí ó mọ̀ pé ibẹ̀ ni ẹ̀rù ti máa ń ba ọmọ náà.

Ìyá àti ọmọ gba ṣọ́ọ̀bù Mùsíbáù lọ. Mùsíbáù ló ń bá gbogbo àdúgbò kọ fọ́ọ̀mù. Kọ̀ǹpútà mẹ́rin ló ní, ẹ̀rọ amúlétutù kan tí kì í ṣiṣẹ́, àti ẹnu tí kì í sinmi. Prọ̀fẹ́sọ̀ ni wọ́n ń pè é.

"Alhaja mi! Ẹ wọlé, ẹ wá jókòó sábẹ́ fáànù."

"Mi ò tíì dé Mẹ́kà. Ìyá Kàósárà ni kó o máa pè mí. Fọ́ọ̀mù ọmọ mi la bá wá. Nọ́ọ̀sì ló fẹ́ ṣe."

"Nọ́ọ̀sì! Ẹ ti lówó lọ́wọ́ nìyẹn, Ìyá."

Ó gba ìwé pélébé lọ́wọ́ Kàósárà, ó ń kà á jáde bó ṣe ń tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà. Gẹ̀ẹ́sì. Báyọ́lọ́jì. Kẹ́mísìrì. Ìgbà tó dé orí ìkẹrin, ìyá na ọwọ́ sókè.

"Kí lo pe ìyẹn?"

"Físíìsì, Ìyá."

"Yọ ọ́. Bíìrò pupa ni wọ́n fi máa ń kọ máàkì ẹ̀ wálé. Ìmọ̀ ẹ̀sìn Ìsìláàmù dà?"

Kàósárà ní, "Màámi, wọn ò bèèrè ìmọ̀ ẹ̀sìn fún nọ́ọ̀sì."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Mísíìsì Ọ̀jẹ́níyì ni."

"Kìrìsítẹ́nì yẹn! Ó rí ọmọ Alfa, ó ní kó ju ẹ̀sìn ẹ̀ nù, ìwọ náà sì gbà! Kí ni bàbá rẹ sọ kó tó kú?"

"Wọ́n ní kí n má gbàgbé ẹ̀sìn mi."

"Mùsíbáù, ṣé o gbọ́? Fi ìmọ̀ ẹ̀sìn síbẹ̀. Inú ẹ̀ ló ti máa gba máàkì tó máa fi ga ju gbogbo wọn lọ."

Omijé ti lé ròrò sójú ọmọ náà. Ó ní, "Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká pè wọ́n lórí fóònù. Ká kàn bi wọ́n."

"Ṣé tíṣà ló bá mi lóyún ẹ ni? Pa ẹnu rẹ mọ́ níbẹ̀."

Ẹ má wo ara yín, ẹ̀yin ìyá. Èmi lẹ máa wò. Ọmọ ní ká pè wọ́n ká bi wọ́n. Èló lowó ìpè? Èyí tẹ́ ẹ fi ń pe ara yín láti bèèrè pé irú ọbẹ̀ wo lẹ sè, ṣé kò tó o ni? Ìgbéraga ló di obìnrin yẹn lẹ́nu, ó wá da híjáábù bo ìgbéraga náà lórí, ó ń pè é ní ẹ̀sìn. Ìmọ̀ Físíìsì kì í lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, kì í lọ sí mọ́sálásí. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ló mọ̀ ọ́n.

Ẹ wá gbọ́ ti Mùsíbáù. Ọdún kẹjọ rẹ̀ nìyẹn tó ti ń kọ fọ́ọ̀mù. Ó mọ̀! Wàláì, ó mọ̀. Ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí kọ̀ǹpútà. Ọ̀rọ̀ kan péré ni kó sọ: "Ìyá, ẹ má ṣe é." Ó wojú Kàósárà, ó wo àpò owó tó wà nídìí ìró ìyá, ó sì tẹ ìmọ̀ ẹ̀sìn síbẹ̀.

Ó ní, "Kò séwu, Ìyá. Àyè nọ́ọ̀sì le ṣá. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ló ń jà sí i. Àmọ́ mo ní èèyàn kan nínú yunifásítì lọ́hùn-ún tó lè bá wa ti orúkọ ẹ̀ wọlé. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́fà náírà ni."

Owó tí obìnrin yìí fẹ́ fi ra páànù sórí yàrá ẹ̀yìnkùlé ni. Ó tú u, ó kà á lé e lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ ká pe nǹkan lórúkọ ẹ̀. Àbẹ̀tẹ́lẹ̀ ni. Obìnrin tó ní kí wọ́n fi ìmọ̀ ẹ̀sìn sínú fọ́ọ̀mù ló tún tú owó àbẹ̀tẹ́lẹ̀ nídìí ìró, lórí ìjókòó kan náà, kí aago tó yí! Àsítágàfírúláì. Ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín? Mo mọ ẹni tó yẹ kó má rẹ́rìn-ín níbí.

Mùsíbáù tẹ ìwé ẹ̀rí fọ́ọ̀mù jáde, iṣẹ́ mẹ́rin wà lórí ẹ̀ gbàǹgbà. Ìyá ká a sí mẹ́rin, ó so ó mọ́ etí ìró. Kò mọ̀wé, òótọ́ ni. Àmọ́ láti ṣọ́ọ̀bù Mùsíbáù dé ilé rẹ̀, ó kọjá lára akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́tàdínlógún, kò ní kí ẹnì kan bá òun wò ó.

Kàósárà ṣe ìdánwò. Èsì dé, igba lé mọ́kànlélọ́gọ́rin! Kò sí ọmọ tó gba tó bẹ́ẹ̀ ní ilé-ìwé wọn lọ́dún náà. Ìyá rẹ̀ pín àkàrà, ó pín ẹ̀kọ, ó dúró láàárín ọjà, ó ní, "Ẹ ò rí i? Ìmọ̀ ẹ̀sìn ló gbé e ga!" Inú rẹ̀ dùn fún oṣù mẹ́rin gbáko.

Lẹ́yìn náà ni Ṣéfíátù aránṣọ wá sọ ohun tí mo fi bẹ̀rẹ̀ fún un. Ọmọ Ṣéfíátù gba igba lé mẹ́rìnlá péré, ó wọlé láti lọ kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀. Ọmọ tó gba igba lé mọ́kànlélọ́gọ́rin kò sí níbẹ̀.

Ìyá Kàósárà gbé igbá fún Ṣéfíátù, ó di ṣọ́ọ̀bù Mùsíbáù.

Mùsíbáù ní, "Ẹ ṣe sùúrù, Ìyá. Wọ́n ṣì máa gbé orúkọ míì jáde. Èèyàn mi ní kẹ́ ẹ fi ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgbọ̀n kún un kó lè tètè yá."

Níbẹ̀ ni ojú oníṣòwò là lára obìnrin yìí. Ẹni tó gba owó ọjà tí kò já ọjà sílẹ̀, tó tún ń bèèrè owó míì, ó ti rí irú wọn rí. Ó gba ilé-ìwé lọ. Láti ọdún mẹ́fà tọ́mọ rẹ̀ ti wà níbẹ̀, ọjọ́ yẹn ló kọ́kọ́ fẹsẹ̀ tẹ ọgbà náà.

Ó bá Mísíìsì Ọ̀jẹ́níyì níbi tó ti ń máàkì ìwé lábẹ́ igi máńgòrò. Tíṣà dìde, ó kúnlẹ̀ kí i, ó fún un ní àga tirẹ̀. Ó ní, "Ìyá Kàósárà, ẹ jẹ́ kí n rí ìwé tí wọ́n tẹ̀ fún yín." Ìyá tú u ní etí ìró. Tíṣà kà á. Ó yí i wò lẹ́yìn bí ẹni pé ó kù síbì kan. Ó tún kà á.

"Ta ló yọ Físíìsì?"

Ìyá wo ilẹ̀. "Èmi ni. Bàbá ẹ̀ ló ní kó má gbàgbé ẹ̀sìn ẹ̀."

"Ẹ bi ẹnì kan?"

"Mi ò bi ẹnì kankan."

Tíṣà mí kanlẹ̀. Ó ní, "Màámi, kò sẹ́ni tí máàkì ẹ̀ tó ti ọmọ yín nílé-ìwé yìí. Àmọ́ wọn ò ní dé orí máàkì yẹn rárá. Iṣẹ́ mẹ́rin ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń wò. Wọ́n wo ìkẹrin, wọ́n rí i pé kò bá nọ́ọ̀sì mu, wọ́n gbé fọ́ọ̀mù sí ẹ̀gbẹ́ kan."

"Ẹ jẹ́ ká lọ pààrọ̀ ẹ̀. Èló ni wọ́n ń gbà?"

"Èèyàn lè pààrọ̀ ilé-ìwé, ó lè pààrọ̀ ohun tó fẹ́ lọ kọ́. Iṣẹ́ tó ti fi jókòó ìdánwò, kò ṣé e pààrọ̀ mọ́ láéláé. Ó di àmọ́dún."

"Ọdún kan gbáko?"

"Ọdún kan, Màámi."

Ìyá wá ń bínú. Ẹ mọ bá a ṣe máa ń ṣe tí ẹ̀bi bá já lé wa lórí. Ó ní, "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ gbogbo èyí, kí ló dé tẹ́ ò wá sílé wá bá mi?"

Mísíìsì Ọ̀jẹ́níyì ní, "Mo wá, Màámi. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo wá kẹ́ ẹ tó lọ kọ fọ́ọ̀mù. Wọ́n ní ẹ ní kí wọ́n sọ fún mi pé ẹ ò sí nílé. Mo ń gbóhùn yín nínú yàrá."

Súbùhánáláì! Òótọ́ ni. Ìyá Kàósárà rò pé tíṣà náà fẹ́ wá wàásù Jésù fóun ni, ló bá fara pa mọ́ sí yàrá, ó ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ tí gbogbo ojúlé ń gbọ́.

Tíṣà tún sọ ọ̀kan. Ó ní, "Ẹ má bínú sí mi o. Ìmọ̀ ẹ̀sìn tí bàbá ẹ̀ ń wí, mi ò rò pé inú Jáǹbù ni wọ́n ní kẹ́ ẹ fi sí."

Obìnrin yìí délé, ó bá Kàósárà níbi tó ti ń fá pọ̀nmọ́ lẹ́bàá àgbá omi. Ó sọ fún un. Ọmọ náà kò gbójú sókè.

"Mo mọ̀ látọjọ́ tá a ti kọ ọ́, Màámi."

"O mọ̀, o ò sọ?"

"Mo sọ. Ẹ ní kí n pa ẹnu mi mọ́."

Ọ̀bẹ ń lọ lára awọ, kírí, kírí. Ìyá jókòó tì í. Ó wá sọ ohun tó ṣòro fún wa láti sọ fún ọmọ tá a bí. Ó ní, "Ẹ̀bi mi ni, Kàósárà. Ọdún kan ni mo jẹ ọ́, mi ò sì mọ ọjà tí wọ́n ti ń tà á." Ẹ̀yin bàbá tẹ́ ẹ wà lẹ́yìn ìkélé, ìgbà wo lẹ ti sọ irú ẹ̀ rí?

Lọ́jọ́ kejì, ó lọ bá Mùsíbáù.

"Owó mi."

"Ìyá, èèyàn mi ti ná an."

"Kí lorúkọ èèyàn rẹ?"

Mùsíbáù ń wá orúkọ, kò rí.

"Lọ́jọ́ tí mo ní kó o yọ Físíìsì, ṣé o mọ̀ pé kò dáa àbí o ò mọ̀?"

"Ẹ̀yin lẹ ní kí n yọ ọ́."

"Mo mọ ohun tí mo sọ. Ohun tí ìwọ mọ̀ ni mò ń bi ọ́."

Ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ lọ pe ọlọ́pàá, Ìyá. Ẹ sọ fún wọn pé àbẹ̀tẹ́lẹ̀ lẹ fún mi. Ká jọ sùn síbẹ̀."

Ó mú un níbi tó dùn ún. Obìnrin náà ní, "Ó dáa." Ó jáde. Kò pariwo, kò ṣépè. Mùsíbáù rò pé ó ti tán.

Kàósárà padà sọ́dọ̀ Mísíìsì Ọ̀jẹ́níyì. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀ ló ń lọ kọ́ Físíìsì, tíṣà ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wọn. Nílé, ọmọ ń kọ́ ìyá rẹ̀ ní bí wọ́n ṣe ń kọ iṣẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lédè òyìnbó, kó lè dá wọn mọ̀ lójú. Ìgbà tí wọ́n dé orí Físíìsì, ìyá ní, "Fí lo pè, kí ni pí ń wá níwájú ẹ̀?" Kàósárà ní bí àwọn òyìnbó ṣe ń kọ ọ́ nìyẹn. Ìyá ní, "Àwọn náà ń ṣe màkàrúúrù!" Ẹ̀rín tí Kàósárà máa kọ́kọ́ rín látìgbà tí wọ́n ti gbé orúkọ jáde nìyẹn.

Bí wọ́n ṣe tún bẹ̀rẹ̀ sí í ta fọ́ọ̀mù Jáǹbù, Ìyá Kàósárà gbé tábìlì, ó gbé agbòjò, ó gbé igbá pọ̀nmọ́, ó lọ tẹ́ ẹ síwájú ṣọ́ọ̀bù Mùsíbáù, lẹ́bàá títì níbi tí gbogbo ènìyàn ti ń tajà. Ọmọ tó bá ti fẹ́ wọlé, á pè é.

"Wá, ọkọ mi. Kí lo fẹ́ lọ kọ́?"

"Lọ́yà ni mo fẹ́ ṣe, Ìyá."

"Tíṣà rẹ ti kọ iṣẹ́ mẹ́rin tó bá a mu fún ọ?"

"Rárá."

"Padà lọ gbà á wá. Tó o bá mú un dé, màá fún ọ ní pọ̀nmọ́ kan lọ́fẹ̀ẹ́."

Tọ́mọ bá ń jáde bọ̀ pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́, á tún ní, "Dúró. Ka mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sétí mi, kó o fi wé ti tíṣà rẹ. Yí i wò!" Ọjọ́ kẹta kò tíì pé tí wọ́n fi rí fọ́ọ̀mù méjì tí Mùsíbáù kọ lódì. Àwọn òbí bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè lọ́wọ́ ara wọn pé kí ló dé tí obìnrin yìí fi jókòó síbẹ̀. Kò fi bò fún wọn. Ó ń sọ èyí tí Mùsíbáù ṣe, ó sì ń sọ èyí tí òun náà ṣe.

Mùsíbáù jáde sí i. "Ìyá, ẹ ń ba ọjà mi jẹ́!"

"Pọ̀nmọ́ ni mò ń tà."

"Ẹ kúrò níwájú ṣọ́ọ̀bù mi!"

"San owó mi, kí n gbé igbá mi."

Ló bá sáré lọ pe lèmọ́mù. Lèmọ́mù dé, ó gbọ́ tọ̀tún, ó gbọ́ tòsì. Ó ní, "Mùsíbáù, obìnrin yìí fún ọ lówó nítorí ohun tó ò ní agbára láti ṣe, tó o sì mọ̀. Dá owó olówó padà." Ó yíjú sí ìyá. "Ìwọ náà, ẹ̀ṣẹ̀ lo fi owó náà rán níṣẹ́. Tọrọ àforíjì lọ́dọ̀ Ọlọ́hun. Tó bá dé ọwọ́ rẹ, ọmọ òrukàn tí kò rówó fọ́ọ̀mù ni kó o ná an fún." Ìyá ní, "Mo gbọ́, Alfa." Lèmọ́mù ra pọ̀nmọ́, ó sanwó ẹ̀, ó lọ.

Mùsíbáù bẹ̀rẹ̀ sí í san án. Ogún ẹgbẹ̀rún lónìí, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó ń ju owó náà sórí tábìlì bí ẹni tí wọ́n ń jà lólè. Ìgbà tí wọ́n fi máa ti fọ́ọ̀mù pa, ó ti san àádọ́rùn-ún. Ó ku ọgbọ̀n. Àwọn oníbàárà dínkù, ìyá gbé igbá rẹ̀ padà sínú ọjà, ni Mùsíbáù bá dáwọ́ sísan dúró.

Kàósárà tún ṣe ìdánwò, lọ́tẹ̀ yìí pẹ̀lú Físíìsì. Èsì dé: igba lé mẹ́rìndínlọ́gọ́ta. Ìyá ní, "Ó kéré sí tèṣí!" Mísíìsì Ọ̀jẹ́níyì ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀, Màámi. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pé."

Oṣù mélòó kan kọjá. Ṣéfíátù aránṣọ náà ló tún kọ́kọ́ mú un wá, ó ń sáré bọ̀ láàárín ọjà, téèpù ìwọnṣọ ṣì wà lọ́rùn ẹ̀: "Orúkọ ẹ̀ wà níbẹ̀ o! Ìyá Kàósárà, nọ́ọ̀sì ni wọ́n kọ síwájú ẹ̀!" Ìyá ní, "Tún un kà." Ó tún un kà. "Tún un kà." Ìgbà kẹta ló tó forí kanlẹ̀ lórí àpò tí wọ́n fi ń di awọ, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́hun.

Ẹ ò gbọ́? Máàkì tó ga ló jókòó sílé. Èyí tó rẹlẹ̀ ló wọlé, torí pé wọ́n bi ẹni tó mọ̀. Kì í ṣe pé Ọlọ́hun ò gbọ́ àdúà tèṣí. Àdúà la ṣe, a wá fọwọ́ ara wa kọ ohun tó lòdì sí i sínú fọ́ọ̀mù. Èmi náà ò kàwé, ẹ mọ̀ mí. Ìyẹn ò ní kí n má béèrè. Lọ́la tí ilẹ̀ bá mọ́, ẹ lọ sílé-ìwé ọmọ yín. Ẹ bi tíṣà, ì báà jẹ́ ẹlẹ́sìn wo. Ẹ ní kó kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ bi ẹlòmíì mọ́ ọn. Ìyá mẹ́ta tó wá bá mi lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìgbà tẹ́ ẹ bá ti ṣe ìyẹn ni kẹ́ ẹ wá, màá ṣe àdúà títí ohùn mi á fi há.

Mo rí àwọn kan tó ti ń wá bàtà. Ẹ jókòó, ó ku díẹ̀. Ẹ jẹ́ ká tẹ́wọ́. Ọlọ́hun Ọba, fi ọ̀nà hàn wá lórí ohun tá ò mọ̀, kó o sì fún wa ní ẹnu tá a fi máa béèrè. Mú ìgbéraga tá a fi ẹ̀sìn bò kúrò lọ́kàn wa. Ẹni tó mọ̀ nínú wa, má jẹ́ kó ta ẹnu rẹ̀ fún owó. Àwọn ọmọ tá a ti fi ọdún wọn ṣòfò, bá wa dá a padà fún wọn pẹ̀lú àlùbáríkà. Àmín.

Ọgbọ̀n tó kù yẹn wá ńkọ́? Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀ lé ìgbà tí orúkọ Kàósárà jáde, Mùsíbáù wá kí ìyá kú oríire nínú ọjà. Ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní, "Ìyá, ṣebí ọmọ ti wọlé báyìí. Ẹ jẹ́ ká gbàgbé èyí tó kù."

Ìyá Kàósárà ní, "Ọmọ mi ló wọlé. Owó mi ò tíì wọlé, ọmọ òrukàn sì ń dúró dè é."

Ó dìde, ó ká agbòjò rẹ̀, ó gbé igbá lérí, ó kọjú sí ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù Mùsíbáù. Kò tíì gbé ẹsẹ̀ mẹ́wàá tí ọkùnrin náà fi sáré lé e bá, tó tọwọ́ bàpò. Ó ka ọgbọ̀n ẹgbẹ̀rún náírà lé e lọ́wọ́, ẹlẹ́gbẹ̀rún-lẹ́gbẹ̀rún. Obìnrin náà sọ igbá kalẹ̀. Ó mú owó náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń wo ojú ẹ̀, ó ń yí i wò lẹ́yìn. Ìgbà tó dé orí ìkẹtàdínlọ́gbọ̀n, ó rí i pé ó ti ya lẹ́yìn, wọ́n fi tépù lẹ̀ ẹ́.

Ó nà án sí i. "Pààrọ̀ eléyìí."

Mùsíbáù pààrọ̀ ẹ̀. Ó yí ìyẹn náà wò.

Ó ní, "Ó pé."